Lẹ́yìn tí Bàbá Rẹ Ti Ẹ̀wọ̀n Dé

Agbolé Alágbẹ̀dẹ,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Oṣù Kejì, ọdún 1957.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Lùkúmọ̀n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó bá ọ nínú ilé àti lẹ́nu iṣẹ́. Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú làálàá àwọn ọmọ iléèwé, mo sì kí ọ kú ọyẹ́ tí wọ́n ní ó máa ń mú ní Sáríà ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ara èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ le, àfi orúnkún tí ó máa ń ké bí mo bá gun àtẹ̀gùn. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ nínú ìlera, kí ó sì má bá ọ nínú ìbínú.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu yóò yà ọ́. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, àwa ìyá arúgbó tí a gbé síléètì lé itan bí ọmọ kékeré. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, tíṣà, má fi yíǹkì pupa fà á. N kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ fún àwọn akọ̀wé tó ń jókòó níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Marina, nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ó sì ti tó gẹ́ẹ́ tí àwọn èèyàn ìta ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí wa.

Ìjọba ti ń wó ilé ládùúgbò wa. Ilé àwọn Jíbrílù tí ẹ jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ilẹ̀, wọ́n sì ti kó wọn lọ sí Sùúrùlérè. Ìyá Jíbrílù wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ilé ọ̀hún mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí èèyàn lè ké pè láti ojú fèrèsé. Wọn kò tíì fi ọ̀dà sàmì sí ara ògiri tiwa. A kò mọ ọjọ́ tí yóò kàn wá.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an, bàbá rẹ ni. Jọ̀wọ́, má ká ìwé náà pọ̀, kà á tán. Mo rántí ohun tí o sọ fún mi ní téṣàn Ìddó lọ́jọ́ tí o ń lọ, tí o ti gbé àpótí rẹ sínú rélùwéè tán: “Ìyá mi, ẹ má dárúkọ ọkùnrin yẹn fún mi mọ́.” Mo pa òfin náà mọ́ láti ìgbà náà. Nínú gbogbo ìwé tí mo ní kí wọ́n bá mi kọ sí ọ, n kò dárúkọ rẹ̀ rí. Lónìí n óò rú òfin náà, kí o forí jì mí.

Ọmọ iléèwé ni ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ń kígbe lójú títì ni o gbọ́. Bàbá rẹ ń ṣọ́ ilé ẹrù àwọn oníṣòwò kan ní Marina. Àwọn kan bá a sọ̀rọ̀, ó gbà, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì, wọ́n sì kó aṣọ. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àwọn yòókù ti fẹsẹ̀ fẹ. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Adájọ́ ní kí ó lọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. N kò ní sọ fún ọ pé kò jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi. Ìyá rẹ, Sàfúrátù, sì fi ìtìjú náà wọ ilẹ̀ lọ kí ó tó jáde, òun náà ni n kò sì ní bò mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ikú rẹ̀ fún bàbá rẹ, pákó ló ń fá lọ́wọ́. Wọ́dà ní kí ó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní òun fá pákó náà títí tó fi fẹ́lẹ́ tí kò wúlò fún nǹkan kan mọ́.

Ìgbà òjò ọdún kejì sí èyí ni ó jáde. Mo ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí mo yọjú, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé agbolé, ilé tí wọ́n bí i sí, tó ń retí kí ẹnìkan sọ pé kí ó wọlé. Mo lọ fà á lọ́wọ́. Àwọn ará ilé jẹ́ ìkíni rẹ̀, wọn kò bú u. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó mu omi, mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kó aṣọ tí wọ́n sá kúrò lórí okùn, aṣọ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Òun náà rí i. Ó bojú wo inú ife.

Ní ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ti kọ́ bàbá rẹ ní iṣẹ́ káfíńtà. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń wá iṣẹ́. Ó rìn dé Apọ́ngbọ̀n, ó sọdá Afárá Kátà dé Èbúté Mẹ́ta, ó wọ gbogbo ibi tí ó bá ti gbọ́ ìró ayùn. Bí ọ̀gá kan bá gbé iṣẹ́ fún un dán wò, iṣẹ́ náà á wù ú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá á bi í pé, “Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ṣẹ́?” Á sì dáhùn pé, “Ẹ̀wọ̀n ni, ọ̀gá.” Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń parí. Mo bínú sí i. Mo ní, “Ṣàíbù, ṣé o kò lè sọ pé Abẹ́òkúta lo ti kọ́ ọ ni? Ta ló máa lọ wádìí?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá fi irọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí irọ́ bá jáde, èmi náà á bá a jáde.” 

Ọlọ́run wá fi Ọ̀gá Dáfídì ṣe àánú. Kìrìsìtẹ́nì Àgùdà ni wọ́n, baba àgbàlagbà kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́yìn gbàgede Kámpọ́ọ̀sì. Wọ́n bi í ní ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń bi í, ó sì fún wọn ní èsì kan náà. Wọ́n wo ìdí àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, wọ́n ní, “Ẹ̀wọ̀n ló kọ́ ọ? Wọ́n mà kọ́ ọ dáadáa.” Wọ́n sì ní kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé eyín rẹ̀ méjì ti lọ.

Oṣù díẹ̀ náà dára, Lùkúmọ̀n. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó dára. Ó máa ń kó èérún pákó wálé fún mi dáná, gbogbo ilé á máa rùn bí igi tútù. Ọ̀gá Dáfídì máa ń jẹ́ kí ó lọ kírun Jímọ̀. Ó ń sanra. Àwọn ọmọdé agbolé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “Bàbá Káfíńtà”, àwọn ìyá wọn kò sì dá wọn lẹ́kun mọ́. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń bá Ìyá Jíbrílù tún ilẹ̀kùn ṣe, kò gba nǹkan kan, obìnrin náà sì fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí okùn.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ Hàwáwù dé. O kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan ni, tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, kò jìnnà sí ibi tí èmi ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ó fẹ́ ilẹ̀kùn tuntun fún ibi tó ń kó aṣọ sí, Ọ̀gá Dáfídì sì rán bàbá rẹ lọ. Bí ó ti kan ilẹ̀kùn náà wu Hàwáwù tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó. Ó ń fún bàbá rẹ lóúnjẹ, ó ń pè é ní ọmọ dáadáa. Kò pẹ́ tí òun dé Èkó, kò mọ ìtàn ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n àwọn kan mọ ìtàn, wọ́n sì rí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bashiru wá sílé wa, ó wọ aṣọ olówó, ó de aago mọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tí bàbá rẹ ṣílẹ̀kùn fún ní Marina nígbà náà ni, tí bàbá rẹ jẹ ẹ̀wọ̀n láìdárúkọ rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo gbọ́ ohun gbogbo. Ó ní, “Ṣàíbù, o jìyà fún wa, jẹ́ kí a ṣe ọ́ lóore. Ibi tí irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn Hàwáwù ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí nìkan ni kí o sọ. A ò ní kí o fọwọ́ kan nǹkan kan.” Bàbá rẹ dá a lóhùn pé, “Mo ti jẹ tèmi tán. Ẹ lọ jẹ tiyín.” Bashiru rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa. A máa wọlé láìsí ìwọ. Ìwọ náà ni wọ́n sì máa mú.”

Nígbà tó lọ tán, bàbá rẹ jókòó, ó di orí mú. Ó ní bí òun bá dákẹ́, tí wọ́n sì ja Hàwáwù lólè, ṣé kì í ṣe òun náà ló tún ṣílẹ̀kùn fún wọn? Mo ní kí ó dúró de Ọ̀gá Dáfídì, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Dáfídì ti lọ sin òkú ìbátan wọn ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè, a kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé. Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi lọ sọ fún Hàwáwù. Ó ní rárá, ọwọ́ òun ló kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán gangan ló lọ, nígbà tí ọjà kún. Mo tẹ̀lé e. Ó kí Hàwáwù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọlọ́dẹ kún ọlọ́dẹ yín. Àwọn kan ń wo ibí yìí.” Hàwáwù ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Ó ní, “Àwọn tí mo mọ̀ rí.” “Níbo lo ti mọ olè?” Lùkúmọ̀n, mo ń ṣẹ́jú sí i. Mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kí ó purọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, “Mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí, Ìyá. Nítorí náà ni mo ṣe mọ̀ wọ́n.”

Hàwáwù káwọ́ lérí. “Ẹ gbà mí o! Ẹlẹ́wọ̀n ló kan ilẹ̀kùn mi! Olè ló mọ inú ṣọ́ọ̀bù mi!” Kí a tó ṣẹ́jú, ọjà ti pé lé wa lórí. Ẹnìkan gbá fìlà rẹ̀ sọnù, ẹnìkan fà á láṣọ ya, àwọn tí wọ́n ti bá a jẹun rí ń sọ pé àwọn ti fura tipẹ́. Mo ń ké pé ìkìlọ̀ ló wá ṣe, ìkìlọ̀ ló wá ṣe! Ta ló gbọ́? Wọ́n wọ́ ọ gba iwájú àtẹ mi kọjá. Kò bá wọn jà. Ó kàn ń sọ pé, “Ẹ máa rọra, ẹ máa rọra,” bí ẹni tó ń tu ẹran.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó dárúkọ Bashiru fún wọn. Ohun tí kò ṣe nígbà àkọ́kọ́, ó ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọlọ́pàá ní òun àti Bashiru ló jọ ń ṣe é, pé ìpín ni wọn kò rí pín dọ́gba. Wọ́n lù ú. Orí sìmẹ́ńtì tútù ni wọ́n tì í mọ́, òrùlé ibẹ̀ sì ń jò. Nígbà tí mo gbé ẹ̀kọ lọ, wọn kò jẹ́ kí n rí i. Ikọ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ láti ìta.

Ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí àwọn olè náà já ṣọ́ọ̀bù Hàwáwù. Wọn kò tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà, òrùlé ni wọ́n ká. Àwọn ọlọ́pàá mú Bashiru àti ẹnìkejì rẹ̀ létí ọ̀sà pẹ̀lú aṣọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìgbà náà ni wọ́n wá ṣílẹ̀kùn fún bàbá rẹ, wọ́n ní kí ó máa lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kú ìyà.

Hàwáwù wá kí i. N kò ní fi ìyẹn dù ú, ó wá. Ó gba ẹ̀yìn ilé wọlé lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, ó fi gèlè bo ojú, ó gbé obì àti ṣúgà lọ́wọ́. Ó sunkún. Ó ní, “Ṣàíbù, dárí jì mí, n kò mọ̀.” Bàbá rẹ ní kí n gbé àga fún un. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò ní gbàgbé. Ó ní, “Ìyá, mo ti dárí jì yín. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Inú ọjà lẹ ti pè mí ní olè. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, ẹ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ sọ èyí tí ẹ ń sọ fún mi nínú yàrá yìí, kí àwọn tó gbọ́ tàkọ́kọ́ lè gbọ́ tìkejì.”  Hàwáwù ń yí obì náà ká nínú àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, “Èèyàn á ní kí ló dé. Àwọn oníbàárà mi...” Kò parí rẹ̀. Ó dìde, ó tún gba ẹ̀yìn ilé jáde. Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, kò sì tíì sọ ọ́ dòní.

Èmi lọ sọ ọ́. Mo dúró láàárín ọjà, mo ké e síta fún gbogbo ayé. Wọ́n ní, “Ẹ fi ìyá sílẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.” Wọ́n tún ń ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi.

Ọ̀gá Dáfídì gbà á padà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ní bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n ló máa wọ ilé àwọn, àwọn á wá ọ̀gá mìíràn. Ni Ọ̀gá Dáfídì bá fi í sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i, pé kí ó máa kan pósí. Bàbá rẹ ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé òkú kì í bèèrè ibi tí èèyàn ti kọ́ṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá lọ sunkún. Ikọ́ tí ó gbé bọ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá kò lọ, eruku pákó sì ń dá kún un. Dókítà ní kì í ṣe èyí tó ń ranni, òtútù ló wọ inú àyà rẹ̀, kí ó kúrò níbi tí ilẹ̀ ti tutù, kí ó lọ sápá ibi tí afẹ́fẹ́ gbẹ.

Nítorí náà ló ṣe ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ rẹ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ rẹ ló sọ pé òun ń lọ o. Kánò ni ó ń lọ, ẹnìkan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Dáfídì ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń bá a di ẹrù, ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Lùkúmọ̀n ti ga tó mi?” Mo ní, “Ó ti ga jù ọ́ lọ.” Ó ní òun máa sọ̀kalẹ̀ ní Sáríà, òun máa dúró ní òdìkejì títì níwájú iléèwé rẹ nígbà tí ẹ bá ń jáde, òun máa wo ojú rẹ lẹ́ẹ̀kan, òun á sì wọ ọkọ̀ mìíràn máa lọ. Ó ní òun kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ. Òfin kejì tí mo rú lónìí nìyẹn. Lẹ́yìn Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò wọ rélùwéè, mo sì ń gbàdúrà kí ìwé yìí ṣáájú rẹ̀ dé.

Ọmọ mi, n kò ní kí o gbàgbé ìyá rẹ. N kò ní kí o sọ pé kò dùn ọ́. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ, bí ó tilẹ̀ korò, bá a sọ ọ́, ó ti gbọ́ èyí tó korò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sá. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé kí ó wò ọ́ tán, kí ó kọjá lọ, kí o má sì mọ̀ pé ẹnìkan dúró. Bí ẹnu rẹ kò bá lè pè é ní bàbá, pè é ní àlejò. Fún un lómi. A kì í fi àlejò sílẹ̀ sínú oòrùn ní ilé tiwa.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ tí o ń kọ́ yóò dàgbà tán wọn yóò mọ oore rẹ. Ọlọ́run yóò fún ọ ní aya tó ní sùúrù, yóò fi ọmọ tí yóò mọ̀ ọ́ lójú tí kò ní kọ̀ ọ́ jíǹkí rẹ. Kí Ó tẹ́ Sàfúrátù sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó tu ọkàn rẹ lára. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó tọ́ ọ dàgbà,

Àlímọ̀t.

Ohun tí mo gbàgbé: Ó ṣeé ṣe kí o má dá a mọ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti gbẹ. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ á wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú wọn dúró ní ẹ̀wọ̀n, kò sì mọ ìgbà tó ń ṣe é mọ́. Bí o bá rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì títì, òun ni. Má rán ọmọ iléèwé sí i. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọdá lọ bá a.